Ẹ̀kọ́ Ogójì Tí Kò Ní Ìdáhùn

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Oníṣirò fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò, kò sì sí ọjọ́ kan tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdáhùn fún wọn rí. Bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ tán, yóò dákẹ́, yóò ká ọwọ́ sẹ́yìn, yóò sì máa wo ojú àwọn ọmọ náà bí ẹni tó ń dúró de ọmọ tó rán níṣẹ́. Bí ìdáhùn bá ṣì, yóò mi orí, yóò yí ìbéèrè náà gba ọ̀nà mìíràn. Bó bá tún ṣì, yóò tún un yí. Nígbà mìíràn agogo á lù, wọn kò ní tíì rí i, wọn á gbé e relé, wọn á máa rò ó lórí ẹní. A máa sọ fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìdáhùn tí a bá fi sí ọmọ lẹ́nu, ọmọ á tu ú dànù. Èyí tó bá fi eyín ara rẹ̀ jẹ ni yóò di ẹran ara fún un. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní agídí lásán ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti kíláàsì rẹ̀ kọjá, ẹ jí i lójú oorun, kí ẹ bi í ní mẹ́tàdínlógún lọ́nà mẹ́tàlá, á dá yín lóhùn kó tó lajú. Agídí tó ń so èso, ta ni yóò bá a wí?

Ohùn ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ohùn náà kò ga, ṣùgbọ́n ó ń dé ìjókòó ẹ̀yìn láìpariwo, ọmọ tó ń sùn níbẹ̀ á sì jí láìmọ ohun tó jí i. Nígbà tí ohùn náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í há, ẹfun ìkọ̀wé ló kọ́kọ́ di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ó mu omi gbígbóná, ó lá oyin, ó lo oògùn ikọ́ tí aládùúgbò júwe. Oṣù mẹ́rin kọjá kí ìyàwó rẹ̀ tó fi ipá mú un dé ọsibítù. Dókítà wo ọ̀fun rẹ̀, ó gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ó sì pè wọ́n padà lọ́sẹ̀ kejì. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní yóò yè é, bí wọ́n bá tètè gé ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò. Yóò máa gba ihò kékeré kan lọ́rùn mí, yóò jẹun, yóò rìn, yóò rí ọmọ ọmọ. Kò kàn ní sọ̀rọ̀ mọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ tábìlì. Bàbá Oníṣirò béèrè pé ta ni yóò wá kọ́ kíláàsì kẹfà ní ìdá. Dókítà ń sọ ti ẹ̀mí, òun ń sọ ti ìdajì àti ìdá mẹ́rin. Àwọn ènìyàn kan wà bẹ́ẹ̀ láyé.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ohùn ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan, ló mú àbá wá. Ó ní kí bàbá òun ṣe pódíkáàsì, ìyẹn ètò tí ènìyàn fi ohùn ṣe, tí wọ́n gbé sínú fóònù, tí ẹni tó bá fẹ́ lè gbọ́ nígbàkúùgbà, kó dá a dúró, kó tún un gbọ́. Kì í ṣe pé Bàbá Oníṣirò kò gbọ́ nípa nǹkan náà rí. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ti wá fi odidi ọjọ́ kan ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tíṣà lọ́dún tó kọjá, òun sì fi ọjọ́ náà sùn dáadáa. Ní báyìí, ó jókòó, ó tẹ́tí sí ọmọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í yan igi tó máa dì mú.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni wọ́n ti gba ohùn náà sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní aṣọ ló ń fa ariwo mu, tí ohùn kì í fi í dún bí ẹni tó wà nínú àgbá. Lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tíṣà àgbà a wọ àárín búbá ìyàwó rẹ̀ lọ, a ti ilẹ̀kùn mọ́ra, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ó ní ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí òun ti ń ránṣọ, òun ò mọ̀ pé aṣọ náà lè jókòó gba ìṣirò; ó ní bí síkẹ́ẹ̀tì òun àwọ̀ ewé bá yege, kí wọ́n pe òun wá gba ẹ̀bùn rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wúlò lákòókò yẹn.

Nínú òkùnkùn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ojú àwọn ọmọ ni Bàbá Oníṣirò ń rí. Yóò ṣàlàyé, yóò béèrè ọ̀rọ̀, yóò sì dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́. Yóò máa gbọ́ ìdáhùn wọn ní ọkàn rẹ̀, ketekete, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ìdáhùn tó tọ̀nà. Inú rẹ̀ á dùn, yóò sì wí pé, "Ẹ káre. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ara yín." Lẹ́yìn náà ni yóò kọjá sí èyí tó kàn.

Ọmọ rẹ̀ ṣàkíyèsí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí bàbá òun fi ìdáhùn sí ibi tó dákẹ́ yẹn, nítorí ẹni tó ń gbọ́ kò ní ẹni tí yóò mi orí fún un. Bàbá Oníṣirò kọ̀. Ó fi ohùn tó ti ń ya náà wí pé òun kò ṣe é lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, òun kò ní fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù bà á jẹ́; ẹni tó bá tẹ̀ lé àlàyé òun kò lè ṣì í.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Bàbáa wọn," ló ní, "ojú lọ̀rọ̀ wà o. Aṣọ ò lójú, ẹ̀rọ ò lójú."

Ó tún ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ra. Ọmọ rẹ̀ náà sì jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà, torí ta ló fẹ́ máa bá bàbá rẹ̀ jiyàn nígbà tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bàbá náà ní láti fi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù láyé rẹ̀? Wọ́n parí ẹ̀kọ́ ogójì. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ohùn náà ti di hẹ́ẹ̀hẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n gé e.

Ohun gbogbo kọ́kọ́ lọ bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ọdún náà mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ti kọ́ wọn kọjá ìdajì ọdún, wọ́n ń gbọ́ ẹ̀kọ́ náà bí ẹni ń gbọ́ lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ bàbá tó rìnrìn àjò. Wọ́n yege. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n fún un ní ìwé ìyìn, wọ́n sì ní kí àwọn ilé-ìwé mìíràn náà máa lò ó. Bàbá Oníṣirò fi ìwé náà há inú férémù. Orí rẹ̀ wú. Ẹ jẹ́ ká má purọ́, ó wú gan-an ni. Ó ń ronú pé ikú ohùn òun kò já mọ́ nǹkan kan, nígbà tí ohùn náà ti wà ní ibi púpọ̀ ju ibi tí ẹsẹ̀ òun lè dé lọ.

Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tirẹ̀ kọ̀wé sí ọ́fíìsì náà pé kí wọ́n rán tíṣà ìṣirò tuntun wá. Èsì tó gbà ni pé kíláàsì náà ti ní tíṣà. Wọ́n ní tíṣà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, kì í ṣàìsàn, kì í gba ìsinmi. Ó mú ìwé náà wá fi han Bàbá Oníṣirò. Bàbá Oníṣirò fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé, "Wọn ò parọ́," ó sì rẹ́rìn-ín bó ṣe ń rẹ́rìn-ín báyìí, èjìká ló ń mì, kò sí ohùn níbẹ̀.

Àwọn ọmọ tuntun wọ kíláàsì kẹfà. Àwọn wọ̀nyí kò mọ̀ ọ́n rí, ilé-ìwé mìíràn ni wọ́n ti kó gbogbo wọn wá. Wọ́n jẹ́ mẹ́tàlélógójì. Lẹ́yìn sáà àkọ́kọ́, ọ̀gá àgbà wá kí i nílé, ó sì mú èsì ìdánwò wọn dání. Mẹ́rin ló yege nínú ìṣirò. Ó ní ọmọ ọdún yìí ò ní làákàyè, orí wọn kì í gba nǹkan, ọ̀rọ̀ fóònù àti eré ló wà níbẹ̀. Bàbá Oníṣirò mú ìwé èsì náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ọ̀gá lọ tán, kò jẹun. Ọmọ mọ́kàndínlógójì kì í ya òmùgọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí kò ṣe pé nǹkan kan ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama, èyí tó ń pinnu ẹni tí yóò tẹ̀síwájú àti ẹni tí yóò jókòó sílé, kò sì ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó so aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ihò ọrùn rẹ̀, ó rìn lọ sí ilé-ìwé, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíláàsì kẹfà.

Wọ́n ti gbé sípíkà dúdú kan lé tábìlì, níbi tí òun máa ń gbé ìwé orúkọ sí. Tíṣà kíláàsì karùn-ún yára wọlé, ó tẹ nǹkan kan lórí fóònù, ó ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, ó sì sáré padà sọ́dọ̀ àádọ́ta ọmọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́. Ohùn Bàbá Oníṣirò wá kún inú yàrá náà, ohùn tó dá ṣáká, tó ní sùúrù. Omi bọ́ lójú rẹ̀ níbi tó dúró sí. Kò tíì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé e, kò sì mọ̀ pé òun ti ń ṣàárò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohùn náà ṣàlàyé ìdá títí, ó sì béèrè pé, "Bí a bá ro ìdajì mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ló máa jẹ́?" Ó dákẹ́.

"Ìdá méjì nínú márùn-ún!" ni ọmọ mẹ́tàlélógójì pariwo.

"Ẹ káre," ni ohùn náà wí. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ara yín."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Oníṣirò la ẹnu, afẹ́fẹ́ sì gba ọrùn rẹ̀ jáde. Ohùn inú sípíkà tún béèrè ìkejì, wọ́n tún ṣì í, ó tún yìn wọ́n. Ó béèrè ìkẹta. Ọmọkùnrin kan lọ́wọ́ iwájú dá dáhùn dáadáa, ohùn tirẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyìn dé, ti ogunlọ́gọ̀ ló bọ́ sí. Ọmọ náà wo ìwé rẹ̀, ó mú ìrésà, ó pa ohun tó tọ̀nà rẹ́, ó sì kọ tiwọn sí i. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà yìí wà lọ́jà, orí ọmọ mẹ́tàlélógójì sì wọ́ lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ náà ló sì ń wọ́ ọ.

Nínú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀, ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ọ̀gá kà á tán. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ kíláàsì kẹrin, ó sì sọ gbangba pé ìṣirò àwọn àgbà ọmọ wọ̀nyí kò yé òun dé ibi tí òun lè kọ́ wọn.

"Bí mo bá pa á, Bàbá, kí ni kí n fi rọ́pò?" ló béèrè.

Ó kọ ọ́ pé òun yóò wá máa kọ ọ́ sójú pátákó fún wọn. Ọ̀gá ṣí fáìlì rẹ̀, ó yọ ìwé dókítà jáde: kò gbọ́dọ̀ sí níbi tí eruku ẹfun ìkọ̀wé ti ń fò, nítorí ihò ọrùn kò ní irun imú tí yóò sẹ́ ẹ. Ó ní òun ò lè fi ẹfun pa á kí ọmọ fi mọ ìdá. Níkẹyìn ó ní bí ọmọ rẹ̀ tó wà ní rédíò bá lè tún ẹ̀kọ́ náà ṣe, èyí tí wọ́n bá tún ṣe ni òun yóò máa gbé sí i.

Ọmọ rẹ̀ gba àyè níbi iṣẹ́, ó sì wá. Ó ní ó máa rọrùn. Òun yóò wá ibi tí bàbá òun ti sọ "ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà" níbòmíràn, òun yóò gé e, òun yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó dákẹ́, yóò sì dà bí ẹni pé bàbá òun gan-an ló dáhùn. Ọjọ́ méjì ló fi gbọ́ ẹ̀kọ́ ogójì náà. Nígbà tó bọ́ nǹkan etí kúrò létí, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá mi, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti òkè délẹ̀," ló wí. "Ẹ ò dáhùn ẹyọ kan."

Bàbá Oníṣirò ti mọ̀. Ó ti mọ̀ láti ìdí fèrèsé. Ohun tó fi ń yangàn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wá dé yìí. Ìyàwó rẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó lè sọ pé òun ti wí tẹ́lẹ̀, kò sọ ọ́, ó ń tú ojú rírán kan tí kò sí ohun tó ṣe é. 

Wọ́n gé gbogbo "ẹ káre" dànù. Bàbá Oníṣirò kọ ìdáhùn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lé ní ọgọ́rùn-ún, ọmọ rẹ̀ sì wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ kà á pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Ó jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ Àìkú, inú Bàbá Oníṣirò tiẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó jẹ odindi abọ́ oúnjẹ.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì kẹfà. Ọ̀gá àgbà sọ fún àwọn ọmọ pé àlejò ni Bàbá, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ó tẹ ẹ̀rọ náà, òbí kan sì pè é síta. Ohùn náà ṣàlàyé. Ó béèrè ọ̀rọ̀ nípa ìdajì àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ibi tó ń dákẹ́ sí tẹ́lẹ̀ dé, ohùn ọmọ rẹ̀ obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìdáhùn jẹ́jẹ́.

Ta ni yóò gbọ́ ọ? Oṣù mẹ́rin ni wọ́n ti fi kọ́ àwọn ọmọ yìí ní ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n pariwo. Wọ́n pariwo. Ọmọ mẹ́tàlélógójì bo ohùn kan ṣoṣo mọ́lẹ̀, "Ìdá méjì nínú márùn-ún!" Nígbà tí ìyìn kò sì wá, wọn kò tiẹ̀ dúró dè é. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn.

Bàbá Oníṣirò dìde. Ó lọ síwájú, ó mú ẹfun ìkọ̀wé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sójú pátákó, gedegede, bí a ṣe ń sọ ìdajì di mẹ́ta nínú mẹ́fà, bí a ṣe ń sọ ìkejì rẹ̀ di méjì nínú mẹ́fà. Ohùn rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀, ó ti kọjá sí nǹkan mìíràn. Eruku ẹfun sọ lálá. Ikọ́ gbá a mú, ikọ́ tí ń gba ọrùn jáde, aṣọ funfun náà sì ṣí. Àwọn ọmọ ìlà iwájú fa ìjókòó wọn sẹ́yìn. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó fi ọwọ́ òsì bo ihò náà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá: ÈMI NI TÍṢÀ YÍN.

Olórí kíláàsì dìde, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ ìwà hù. Ó ka ohun tó kọ náà sókè, ó wo ojú rẹ̀, ó wo sípíkà. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ohùn tí a fi ń bá àgbàlagbà tí nǹkan ń dà rú mọ́ lójú sọ̀rọ̀ bá a sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú," ló wí. "Tíṣà wa ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ó ti fẹ́ bi wá ní ìbéèrè."

Ó gba ẹfun náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì mú un lọ sí ìjókòó. Bàbá Oníṣirò jókòó. Ohùn rẹ̀ béèrè ohun tó fẹ́ béèrè, ó sì dákẹ́ fún wọn.